Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Òṣèlú Démókírátì ti Amẹ́ríkà: Ta ló sọ fún yín pé kò lè wọlé?

Sí Alága àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀,
Washington, D.C.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Houston ni mò ń gbé. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ yín ni mò ń dìbò fún, òun náà ni mò ń bá kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn nígbà ìpolongo. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, kí àwọn èèyàn mi tí ẹ máa ń wá bá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́ ohun tí mò ń bá yín sọ, kí àwọn náà sì dá sí i.

Láti ìgbà tí a ti fìdí rẹmi ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni gbólóhùn kan ti gba ẹnu àwọn aṣáájú wa kan: "Ẹni tó lè wọlé ni ká fà kalẹ̀." Ó dùn ún gbọ́, àfi tí èèyàn bá dúró gbọ́ èyí tó kàn. Èyí tó kàn ni pé obìnrin ò tún gbọdọ̀ jáde mọ́, torí a ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, Hillary Clinton ní 2016 àti Kamala Harris ní 2024. Wọ́n á ní adúláwọ̀ ò lè rí i mú. Wọ́n á ní ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba gba ẹrù owó ìwòsàn kúrò lórí aráàlú ti le jù. Ẹnikẹ́ni ò tíì dìbò, wọ́n ti dárúkọ àwọn tí a ò gbọdọ̀ dìbò fún.

Ìlànà ìbò abẹ́lé ti ọdún 2028, ọwọ́ yín ló wà. Ìdí nìyí tí n kò fi lè dákẹ́. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá yín rò kò ju ẹyọ kan lọ: àbá ni "kò lè wọlé", ẹ sì ti sọ ọ́ di òfin tí ẹ fi ń gba ìbò lọ́wọ́ wa.

1. Ẹ kò jẹ́ kí á yan ẹnikẹ́ni ní 2024

Ní ìparí ọdún 2023, ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Florida fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ fún ìbò abẹ́lé: Joe Biden. Dean Phillips, aṣòfin láti Minnesota, ti jáde nígbà yẹn. Marianne Williamson, òǹkọ̀wé, náà ti jáde. Nítorí pé orúkọ kan ló wà, kò sí ìbò abẹ́lé kankan fún àwa Démókírátì ní Florida, ìpínlẹ̀ tó wà lára àwọn tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Gbogbo aṣojú ìpínlẹ̀ náà, àwọn tó ń yan olùdíje ẹgbẹ́ ní ìpàdé gbogbogbòò, bọ́ sọ́wọ́ Biden láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé ìdìbò.

Ní New Hampshire, ẹ̀yin fúnra yín ti sọ pé South Carolina ni kó ṣáájú. New Hampshire tẹ̀ lé òfin tirẹ̀, ó dìbò ní ọjọ́ 23, oṣù Kìíní, ọdún 2024, láìsí orúkọ Ààrẹ lórí ìwé. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní láti fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí i. Ẹ kò ṣètò ìtàkurọ̀sọ kankan láàrin àwọn olùdíje. Ẹni tó bá béèrè ìdí, ẹ̀ ń sọ fún un pé Biden nìkan ló ti na Trump rí, òun nìkan ló lè tún un nà, àti pé ìbéèrè wa ń ran ọ̀tá lọ́wọ́. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwádìí èrò aráàlú, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ń sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Amẹ́ríkà gbà pé baba náà ti dàgbà jù fún sáà kejì. Ní Michigan, ó lé ní 100,000 Démókírátì tó jáde ní oṣù Kejì láti fi ìbò wọn sọ pé àwọn ò tíì fara mọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ Gaza. Ẹ gbọ́ ohùn wọn, ẹ ní wọ́n á padà wálé.

Ohun tó tẹ̀ lé e, gbogbo ayé ló rí i. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, Biden dúró níwájú Trump ní Atlanta, ọ̀rọ̀ ń sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Ní ọjọ́ 21, oṣù Keje, ó yọwọ́. Ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì gba ìbò àwọn aṣojú, ó parí ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ, kí ìpàdé gbogbogbòò tó wáyé ní Chicago rárá. Kamala Harris ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta àbọ̀ láti bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Nínú ìbò aṣojú tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ń yan ààrẹ, 226 ló rí, Trump rí 312, Trump sì tún borí nínú ìbò aráàlú, 49.8% sí 48.3%.

N kò sọ pé bí ìbò abẹ́lé bá wáyé, à bá ti wọlé. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ gba ohun tó dájú lọ́wọ́ wa, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti yàn, ẹ fi ra ohun tí kò dájú, ohun tí kò dájú náà ò sì yọrí sí rere.

2. Àbá yín kì í sábà bá a

Ní ọdún 1980, àwọn èèyàn Jimmy Carter gbà pé Ronald Reagan ló máa rọrùn jù láti nà, wọ́n ní ó ti le jù fún aráàlú. Reagan gba ìpínlẹ̀ 44. Ní 2004, ẹgbẹ́ wa fi Howard Dean sílẹ̀, a mú John Kerry tó jagun ní Vietnam, torí wọ́n ní òun ló lè dúró níwájú George W. Bush. A pàdánù. Ní 2016, nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, tiwa àti ti Ripọ́bílíkánì, ni àwọn àgbà ti ní Trump ò lè wọlé láé.

Ẹ máa ní kí n má gbàgbé 2020. N kò gbàgbé. Wọ́n ní Biden ló lè wọlé, ó sì wọlé, pẹ̀lú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 81. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó gbé e wọlé: Arizona, Georgia àti Wisconsin. Àpapọ̀ ìyàtọ̀ ìbò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju nǹkan bí 43,000 lọ. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ báyẹn, ẹ kò lè fi ṣe ẹ̀rí pé ẹ mọ ọjọ́ ọ̀la.

Èyí tó yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún yín jù lọ ni ti Obama. Títí di ìparí 2007, ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ní South Carolina ni kò tíì yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ ẹ. Wọn kò gbà pé àwọn aláwọ̀ funfun á dìbò fún un. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kìíní, ọdún 2008, Iowa dìbò, ìpínlẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ti lé ní 90%, Obama sì borí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 26 oṣù náà, South Carolina fún un ní 55%, Hillary Clinton ní 27%. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹni tó jẹ́ kò yí padà, ohun tó ń sọ kò yí padà. Ohun tí àwọn èèyàn rò nípa aládùúgbò wọn ló yí padà. Bó bá jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo lẹ fi ránṣẹ́ lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, mo kan ilẹ̀kùn ìyá kan ní Alief, àdúgbò kan ní Houston níbí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní kí n wọlé, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n sì mú ìwé pélébé kan tí wọ́n ti kọ orúkọ méjì sí lórí tábìlì. Wọ́n fi ìka lé ti òkè, Elizabeth Warren. "Eléyìí ni mo fẹ́. Ó mọ bí owó ọsibítù ṣe ń pa èèyàn." Wọ́n fi ìka lé ti ìsàlẹ̀, Joe Biden. "Eléyìí ni mo máa tẹ̀. Àwọn òyìnbó ò ní dìbò fún obìnrin, àbúrò mi." Mo béèrè pé òyìnbó wo ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn.

Ìyá yẹn kò dá wà. Ìwádìí tí Ipsos ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2019 láàrin àwọn Démókírátì àti àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ fi hàn pé 74% ló ní ọkàn àwọn balẹ̀ bí obìnrin bá di ààrẹ. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n nípa àwọn aládùúgbò wọn, 33% péré ló gbà pé ọkàn àwọn yẹn náà á balẹ̀. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ti fẹ̀ tó. Àwọn èèyàn tí wọ́n fẹ́ ohun kan náà ń bẹ̀rù ara wọn, ẹ̀yin tó yẹ kí ẹ sọ fún wọn pé wọ́n pọ̀ lẹ sì ń bu epo sí iná ẹ̀rù náà.

Àwa Yorùbá mọ orin yìí. Nígbà tí ìjọba ológun Babangida fi ẹgbẹ́ méjì péré, SDP àti NRC, lélẹ̀ fún Nàìjíríà, MKO Abíọ́lá tó jẹ́ Mùsùlùmí mú Babagana Kingibe tó jẹ́ Mùsùlùmí bíi tirẹ̀ ṣe igbákejì. Àwọn tó mọ òṣèlú ní ó parí fún un, pé Kìrìsìtẹ́nì kankan ò ní dìbò fún irú wọn. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993, aráàlú dìbò fún un láti Gúúsù dé Àríwá, ó sì na Bashir Tofa ní Kano, ìpínlẹ̀ Tofa fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn ológun fi ìbò náà ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jiná lára wa. Ṣùgbọ́n aráàlú ti dáhùn ìbéèrè tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti fi ẹnu dáhùn ṣáájú wọn, ìdáhùn náà kò sì bára mu.

3. Ẹ̀rù wa ní ìdí, ẹ̀yin sì wà lára ìdí náà

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ wọn yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ìbò aṣojú 538 ló wà, 270 ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní. Ìpínlẹ̀ 48 àti Washington, D.C. ló ń kó gbogbo tiwọn fún ẹni tó bá ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò kan ló fi ṣáájú. Maine àti Nebraska nìkan ló ń pín in. Níbí ní Texas, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti àbọ̀ èèyàn tó dìbò fún Harris ní 2024. Gbogbo ìbò aṣojú 40 ti ìpínlẹ̀ wa lọ sọ́dọ̀ Trump. Láti ìgbà Carter ní 1976, kò sí Démókírátì tó tíì gba Texas. Ní California, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn tó dìbò fún Trump, ìbò aṣojú wọn 54 sì lọ sọ́dọ̀ Harris. Àwọn náà ní ẹjọ́ láti rò.

Ẹni tó bá wá fẹ́ ẹgbẹ́ kẹta ńkọ́? Ní 1992, Ross Perot, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, rí 18.9% ìbò gbogbo Amẹ́ríkà, ó lé ní mílíọ̀nù 19 èèyàn. Kò rí ìbò aṣojú kan ṣoṣo. Ní 2000, Bush fi ìbò 537 gba Florida mọ́ Al Gore lọ́wọ́, nígbà tí Ralph Nader ti ẹgbẹ́ Green rí 97,488 níbẹ̀. Ẹni tó bá rí irú èyí, tó sì pinnu pé òun ò ní fi ìbò òun ṣeré, èmi ò bá a wí.

Ẹ̀yin ni mo bá wí. Bí ẹgbẹ́ bá mọ̀ pé ètò yìí ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ òun, ṣé kì í ṣe pé kó wá bí ẹ̀rù ṣe máa dínkù ni? Ní Nevada, ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n lè yọ ẹgbẹ́ Green kúrò lórí ìwé ìdìbò ọdún 2024. Àṣìṣe tí wọ́n fi yọ wọ́n ni pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gba ìbuwọ́lùwé kì í ṣe fọ́ọ̀mù tó yẹ. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì akọ̀wé ìpínlẹ̀ ló fún wọn ní fọ́ọ̀mù náà! Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nevada yọ wọ́n ní oṣù Kẹsàn-án. Trump wọlé ní Nevada bẹ́ẹ̀ náà. Ní Wisconsin, òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ yín kan kọ̀wé pé kí wọ́n yọ Jill Stein, olùdíje ẹgbẹ́ Green, ilé ẹjọ́ kò gbà. Trump fi ìbò tó lé ní 29,000 borí wa níbẹ̀, gbogbo ìbò Stein kò sì tó 13,000. N kò dìbò fún ẹgbẹ́ Green rí, n kò sì ní i lọ́kàn. Ó kàn ń tì mí lójú pé ẹgbẹ́ tó ń polongo pé òun ń gbèjà ìjọba aráàlú ni agbẹjọ́rò rẹ̀ ń sáré kiri kí orúkọ èèyàn má bàa sí lórí ìwé.

Nígbà tí àwọn ará Washington, D.C. fẹ́ dìbò lórí àbá kan ní 2023, pé kí olùdìbò lè to àwọn olùdíje bí ó ṣe fẹ́ wọn sí, láti àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún, ẹgbẹ́ wa níbẹ̀ pẹjọ́ láti dá a dúró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó lé ní 70% nínú àwọn ará ìlú tó sọ pé àwọn gba àbá náà.

4. Oògùn wà, ẹ sì ti lò ó rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Texas ní 2020. A bẹ̀rẹ̀ ìdìbò ṣáájú ọjọ́ ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn tò láti dìbò fún Pete Buttigieg àti Amy Klobuchar. Buttigieg yọwọ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, Klobuchar yọwọ́ ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ kẹta ni ìbò gan-an. Gbogbo àwọn tó ti dìbò fún wọn kò rí ohunkóhun ṣe mọ́, ìbò wọn ti wọ inú àpótí. Ìlànà yín sì tún sọ pé olùdíje tí kò bá tó 15% kò ní rí aṣojú kankan. Èèyàn wo ló máa rí èyí tí kò ní máa sá tọ ẹni tí wọ́n bá ti ní ó lè wọlé?

Lọ́dún kan náà, Alaska, Hawaii, Kansas àti Wyoming jẹ́ kí àwọn Démókírátì to olùdíje tẹ̀ lé ara wọn nínú ìbò abẹ́lé. Bí ẹni tí o fi ṣe àkọ́kọ́ bá ti kúrò, ìbò rẹ yóò bọ́ sọ́dọ̀ ìkejì. Ìyá Alief yẹn ì bá kọ Warren sókè, kí wọ́n kọ Biden tẹ̀ lé e, kí ọkàn wọn sì balẹ̀ pé àwọn ò fi ìbò ṣòfò. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìlànà ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Ayé kò bàjẹ́.

Ẹ tilẹ̀ ti jèrè níbẹ̀. Ní Maine, ọdún 2018, Jared Golden, Démókírátì, wà lẹ́yìn nínú kíkà àkọ́kọ́, ìtò, ìyẹn títo olùdíje tẹ̀ lé ara wọn, ló gbé e wọ ilé aṣòfin. Ní Alaska, oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Mary Peltola, Démókírátì, na Sarah Palin, ó sì di ọmọ ìbílẹ̀ Alaska àkọ́kọ́ tó wọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà.

5. Àwọn tí kò lè wọlé ló la ọ̀nà

Shirley Chisholm jáde ní 1972, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó wá tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nínú ẹgbẹ́ wa. Kò wọlé. Jesse Jackson jáde ní 1984 àti 1988, ó rí ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kejì, kò wọlé. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìbò wà lẹ́yìn rẹ̀, ó lágbára láti bá ẹgbẹ́ dúnàádúrà pé kí wọ́n máa pín aṣojú gẹ́gẹ́ bí ìbò ṣe rí, kí ẹni tó ṣáájú má máa kó gbogbo rẹ̀. Ní 2008, Clinton gba California àti New York, ṣùgbọ́n wọ́n pín aṣojú wọn, Obama kò sì jìnnà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti fi "kò lè wọlé" lé Jackson nílé, ẹ kì bá ní Obama.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí, ẹ̀yin àgbà.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà 2028 pé ẹ̀ka ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ fi orúkọ kan ṣoṣo ránṣẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá ti jáde tó sì yẹ. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kó pàdánù aṣojú. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ kò lágbára rẹ̀: nígbà tí Florida àti Michigan sáré dìbò ṣáájú àkókò ní 2008, ẹ jẹ wọ́n níyà.

Ẹ jẹ́ kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ìtò lò ó nínú ìbò abẹ́lé, kí gbogbo ibi tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò ìbò sì lò ó dandan.

Ẹ ṣètò ìtàkurọ̀sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààrẹ tó wà lórí oyè wà lára àwọn olùdíje.

Ẹ dáwọ́ ẹjọ́ pípè dúró lórí ẹgbẹ́ kéékèèké tó bá ti gba ìbuwọ́lùwé tó pé, kí ẹ sì sọ fún ẹ̀ka Washington, D.C. àti àwọn yòókù pé kí wọ́n yé gbógun ti ìtò.

Kí òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ kankan má ṣe sọ ní gbangba pé olùdíje kan lè wọlé tàbí kò lè wọlé títí ìbò abẹ́lé yóò fi parí.

Ohun márùn-ún nìyẹn. Kò sí èyí tó nílò àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè, kò sí èyí tí a ní láti tọrọ lọ́wọ́ Ripọ́bílíkánì. Mo fẹ́ kí ẹ dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní gbangba, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìlànà náà. Màá fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣojú Texas láàrin yín, èmi àti àwọn tí a jọ ń kan ilẹ̀kùn yóò sì máa béèrè ìdáhùn wọn ní gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá pè wá sí.

Èmi ni,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín kan,
Houston, Texas